Juneteenth ní yunifásítì Amẹ́ríkà: ìbéèrè tí àwọn ará wa máa ń béèrè

Bí oṣù kẹfà bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà á rí ìwé gbà láti ilé ẹ̀kọ́ wọn pé kò ní sí iṣẹ́ ní ọjọ́ 19, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Juneteenth. Ọ̀pọ̀ nínú wa á dúpẹ́ fún ìsinmi, a ó sì lọ sùn. Ọjọ́ náà ju oorun lọ. Mo kó àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́nu òṣìṣẹ́, àti lẹ́nu àwọn òbí tó ń pe ọmọ wọn láti ilé jọ síbí, mo sì dáhùn wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an?

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀ kan, Gordon Granger, fi àṣẹ kan síta ní Galveston, ìlú etíkun ní ìpínlẹ̀ Texas. Àṣẹ náà sọ fún àwọn ará Texas pé gbogbo ẹrú ti gba òmìnira. Ó ní ẹ̀tọ́ ẹni tó ti jẹ́ olówó àti ẹ̀tọ́ ẹni tó ti jẹ́ ẹrú dọ́gba pátápátá, títí kan ẹ̀tọ́ láti ní dúkìá, àti pé láti ìgbà náà lọ, agbanisíṣẹ́ àti alágbàṣe tó ń gbowó ni wọ́n jẹ́ síra wọn. Èèyàn bíi 250,000 ló wà lóko ẹrú ní Texas nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ ka àṣẹ náà dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀ ìdọ́gba tán, ó gba àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sí ibi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gbowó. Ó ní a kò ní gbà wọ́n láyè láti kóra jọ sí àgọ́ àwọn ọmọ ogun, àti pé kò sẹ́ni tó máa bọ́ ọ̀lẹ. Àwọn tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ro oko olóko láìgba kọ́bọ̀ ni wọ́n ń kìlọ̀ ọ̀lẹ fún. Nígbàkígbà tí mo bá ka gbólóhùn yẹn, inú mi máa ń ru.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìròyìn òmìnira ló fi ọdún méjì ààbọ̀ pẹ́ lọ́nà?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ agbára ni, ju ọ̀rọ̀ ìròyìn lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1863 ni Ààrẹ Abraham Lincoln ti kéde òmìnira fún gbogbo ẹrú tó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ jagun. Ta ni nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn tó máa torí ìwé Lincoln tú ẹrú rẹ̀ sílẹ̀? Ibi tí ọmọ ogun ìjọba bá dé nìkan ni ìkéde náà ti ń múlẹ̀, Texas sì jìnnà sí ojú ogun. Àwọn olówó ẹrú láti Louisiana àti Mississippi tiẹ̀ ń kó àwọn èèyàn tí wọ́n mú lẹ́rú sá lọ síbẹ̀ kí ọwọ́ ìjọba má baà tó wọn.

Robert E. Lee, ọ̀gágun àwọn ọlọ̀tẹ̀, túúbá ní Virginia ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1865. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti yìnbọn pa Lincoln. Síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ ní oko òwú Texas bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Kódà lẹ́yìn àṣẹ Granger, àwọn olóko kan gbé e pamọ́ títí wọ́n fi kórè tán.

Ṣé ọjọ́ yẹn ni oko ẹrú parí ní gbogbo Amẹ́ríkà?

Rárá o. Delaware àti Kentucky kò bá wọn ṣọ̀tẹ̀, nítorí náà ìkéde Lincoln kò kàn wọ́n, wọ́n ṣì ń mú èèyàn lẹ́rú lẹ́yìn oṣù kẹfà yẹn. Àtúnṣe Kẹtàlá sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó di òfin ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1865, ló fòpin sí i níbi gbogbo. Òun náà fi àyè kan sílẹ̀: ó ní a lè fi ipá mú ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú adúláwọ̀ lórí ẹ̀sùn yẹpẹrẹ, bíi pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń yá wọn fún àwọn olóko àti àwọn oníléeṣẹ́ láti lò.

Ta ló sọ ọ́ di ọdún? Ìjọba ni?

Àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn ni. Láti ọdún 1866 ni wọ́n ti ń péjọ ní Texas lọ́jọ́ 19 oṣù kẹfà, tí wọ́n ń gbàdúrà, tí wọ́n ń ka ìkéde òmìnira sókè, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu. Nígbà tó di pé wọn ò rí ibi ìgboro tí wọ́n ti lè ṣe é láìsí ẹni tó máa lé wọn, àwọn ará Houston dáwó jọ ní ọdún 1872, Jack Yates, pásítọ̀ tó ti wà lóko ẹrú rí, ṣe aṣáájú wọn, wọ́n sì ra ilẹ̀ éékà mẹ́wàá. Ọdún méje péré ni wọ́n tíì lò lómìnira. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Emancipation Park, ó sì wà ní àdúgbò Third Ward títí dòní, ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú Texas Southern University tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti jáde.

Kò di ọjọ́ ìsinmi lábẹ́ òfin ní ìpínlẹ̀ Texas títí di ọdún 1980. Ìjọba àpapọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rántí June 12 tiwa á tètè lóye èyí. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí ìbò ọdún 1993 tí wọ́n fagi lé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Abuja tó gbà ní ọdún 2018. Ọdún náà ti wà lọ́wọ́ aráàlú kí ìjọba tó fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ẹni tó kúnlẹ̀ ti ọ̀rọ̀ yìí jù ni Màmá Opal Lee, tí wọ́n bí ní Texas ní ọdún 1926. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1939, àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun ya bo ilé tí àwọn òbí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní Fort Worth, wọ́n sì dáná sun ún. Ọmọ ọdún méjìlá ni Màmá nígbà náà. Ní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 89, wọ́n gbéra láti Fort Worth, wọ́n forí lé Washington, wọ́n ń rin máìlì méjì ààbọ̀ láti ìlú dé ìlú, máìlì kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí Texas fi fi òmìnira duni. Nígbà tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2021, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin 415 ló dìbò fún un, 14 ló kọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi òfin ya ọjọ́ Martin Luther King sọ́tọ̀ ní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ kò dá ọjọ́ ìsinmi tuntun kankan sílẹ̀ títí tí èyí fi dé.

Kí wá ló kan yunifásítì nínú rẹ̀?

Ìbéèrè yìí gan-an ló mú mi kọ gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd, adúláwọ̀ kan, ní Minneapolis ní oṣù karùn-ún ọdún náà, tí gbogbo ìlú sì gbóná. Harvard wà lára wọn, ọdún kan gbáko kí òfin ìjọba àpapọ̀ tó jáde. Òfin náà kò tiẹ̀ fi ipá mú yunifásítì aládàáni. Àwọn fúnra wọn ló yàn án.

Ohun tí àwọn ìwé ìkéde wọn sábà máa ń fò ni pé oko ẹrú kò jìnnà sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ní Harvard, àwọn ọ̀gá àgbà méjì, Benjamin Wadsworth àti Edward Holyoke, ní èèyàn tí wọ́n mú lẹ́rú nínú ilé tí ilé ẹ̀kọ́ fún wọn gbé. Láti ọdún 2016 ni orúkọ mẹ́rin ti wà lára ògiri ilé náà: Titus, Venus, Bilhah, Juba. Ìwádìí tí Harvard fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé àwọn olórí, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ mú èèyàn tó lé ní 70 lẹ́rú, yunifásítì náà sì ya 100 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe.

Ti Georgetown ní Washington burú jù. Ní ọdún 1838, àwọn àlùfáà Jésúìtì tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ta èèyàn 272 fún àwọn olóko ní Louisiana ní 115,000 dọ́là, wọ́n sì fi lára owó náà san gbèsè ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wo ìwé ọjà náà: orúkọ pẹ̀lú ọjọ́ orí ni, láti orí Isaac, ẹni ọdún 65, tó wà lókè pátápátá, dé orí ọmọ ọwọ́. Ní ọdún 2017, Georgetown tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àtọmọdọ́mọ wọn, ó sì fi orúkọ Isaac Hawkins sọ ilé tó ń jẹ́ orúkọ ọ̀gá àgbà tó ṣètò ọjà náà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò pé kí wọ́n máa bu 27.20 dọ́là kún owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń san ní sáà kọ̀ọ̀kan, fún àǹfààní àwọn ìdílé yẹn. Àwọn ọmọdé tí kò tíì ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ló ṣáájú àwọn àgbà níbẹ̀, mo sì kí wọn kú iṣẹ́.

University of Virginia, tí Thomas Jefferson dá sílẹ̀, kọ́ ìrántí òkúta ràgàjì kan ní ọdún 2020 fún àwọn èèyàn bíi 4,000 tí wọ́n mú lẹ́rú tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, tó sì ń se oúnjẹ ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta. Àwọn mìíràn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìkan ló kù, tàbí pé ìyá ẹnì kan ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò ní ju ilà kan ṣoṣo lọ lára òkúta, nítorí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Torí náà, yunifásítì tó bá ti ilẹ̀kùn ní Juneteenth láì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kò ní sí kíláàsì? Owó mi ńkọ́?

Ó wà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, kì í sí kíláàsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́jọ́ náà, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù á sì gba owó rẹ̀ pé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba owó wákàtí ni kó yáa béèrè tẹ́lẹ̀, torí pé òfin àpapọ̀ kò sọ pé dandan ni kí agbanisíṣẹ́ aládàáni sanwó ọjọ́ ìsinmi fẹ́ni tí kò ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn yunifásítì kì í tì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ẹran inú yàrá ìwádìí náà gbọ́dọ̀ wá fún wọn lóúnjẹ. Ẹ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bí ọjọ́ 19 bá bọ́ sí Sátidé, ìjọba àpapọ̀ á sinmi ní Jímọ̀. Bó bá bọ́ sí Sọ́ńdè, ó di Mọ́ńdè. Ní ọdún 2026, Jímọ̀ ló bọ́ sí. Ní ọdún 2027, Sátidé ni, nítorí náà Jímọ̀ ọjọ́ 18 ni ìsinmi. Ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ á tì, báǹkì náà sábà máa ń tì. Ẹ̀yin òbí tó ń wá físà láti wá bá ọmọ yọ̀, ẹ rántí pé ọ́fíìsì Amẹ́ríkà ní Èkó àti Abuja náà máa ń tì lọ́jọ́ ìsinmi Amẹ́ríkà.

Ṣé ó kan àwa Yorùbá rárá? Ṣebí Brazil àti Cuba ni wọ́n kó àwọn tiwa lọ?

Brazil àti Cuba ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù lọ, òótọ́ ni. Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun láti ọdún 1808, ogun tó tú ilẹ̀ Yorùbá ká sì gbóná lẹ́yìn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan rú òfin yẹn. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda kó èèyàn bíi 110 láti Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, lọ sí Mobile ní Alabama. Òru ni wọ́n wọlé, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú. Ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí àjókù rẹ̀ nínú odò.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà ni Kossola, tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní Cudjo Lewis. Agbègbè Banté ni wọ́n ti mú un, láàárín àwọn tó ń sọ Yorùbá ní Benin. Nígbà tí òmìnira dé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà sílé, kò sówó ọkọ̀. Wọ́n ní kí Timothy Meaher, ẹni tó rán ọkọ̀ náà níṣẹ́, fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì tẹ ìlú tí wọ́n ń pè ní Africatown dó. Kossola gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1935.

Ẹnì kejì ni Àbákẹ́. Ọmọ bí ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n gbé òun àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ̀ kalẹ̀ ní Alabama. Wọ́n ta méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n náà síbòmíràn, wọn ò sì fojú kàn wọ́n mọ́. Ìwé ìjọba ń pè é ní Matilda McCrear. Àbákẹ́ ni oríkì tí wọ́n ń pè é nílé, ilà ilé sì wà lójú rẹ̀ títí ó fi dàgbà. Ní ọdún 1931, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó fẹsẹ̀ rin bíi máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti béèrè owó gbà-má-bínú fún ohun tí wọ́n fi ojú òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ rí. Wọn ò dá a lóhùn. Ọdún 1940 ló kú. Àwọn ìyá ìyá àwọn kan nínú wa ti délé ayé nígbà náà.

Ṣebí àwọn baba wa náà tà wọ́n?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọba Dahomey ló kó ogun ja ìlú Kossola. Láàárín Yorùbá síra wọn, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti ń fọ́, ológun ń kó ìlú, wọ́n ń kó èèyàn lọ sí ọjà etíkun. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lórí omi ní ọdún 1822. Ní ọdún 1827 ó di akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Sierra Leone.

Mo ń sọ èyí torí pé àwọn kan nínú wa máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí sá sẹ́yìn, bí ẹni pé nítorí pé àwọn tiwa tà, kò kàn wá mọ́. Ìdí tó fi kàn wá nìyẹn gan-an. Ẹni tó tà àti ẹni tó rà, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí Àbákẹ́ fẹ́.

Àwọn ará wa kan ṣì ń pe àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní akátà. Ṣé ó burú ni?

Ó burú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Ní ọdún 1946, Heman Sweatt, adúláwọ̀ ará Houston, kọ̀wé pé òun fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin ní University of Texas. Wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Dípò kí ìpínlẹ̀ Texas gbà á wọlé, ṣe ni wọ́n dá yunifásítì mìíràn sílẹ̀ fún adúláwọ̀ ní Houston ní ọdún 1947, èyí tó di Texas Southern. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì jàre ní ọdún 1950. Ilẹ̀kùn tí ọmọ wa ń gbà wọlé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí WAEC àti físà lọ́wọ́, àwọn tí à ń bú yìí ló fi ara ṣí i.

Báwo ni kí n ṣe kí wọn? Kí ni wọ́n máa ń jẹ?

Ẹ kí wọn ní “Happy Juneteenth”; ọjọ́ ayọ̀ ni. Ẹran sísun lórí ẹyín iná kì í wọ́n níbẹ̀, bàrà àti kéèkì pupa náà sì wà. Ohun mímu pupa ló jẹ yín lógún bí ẹ bá jẹ́ Yorùbá: àwọn tó mọ ìtàn oúnjẹ wọn so ó mọ́ isapá àti obì tí àwọn ẹni àkọ́kọ́ mọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Bí ẹ bá gbé zobo lọ, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n á fi gbà á.

Orílẹ̀-èdè mìíràn ńkọ́?

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni ti àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso ní Caribbean, nítorí òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1834, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún fi ọdún mẹ́rin sìn wọ́n lábẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Trinidad àti Tobago sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi ní ọdún 1985. Cuba fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1886. Nínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn tiwa lọ, Brazil ló gbẹ̀yìn, ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ ibẹ̀ kò ka ọjọ́ tí ọmọ ọba fọwọ́ sí ìwé yẹn sí. Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ni wọ́n mú, ọjọ́ tí wọ́n pa Zumbi, olórí àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú lọ tẹ ìlú Palmares dó, ní ọdún 1695. Ní ọdún 2024 ni gbogbo Brazil kọ́kọ́ sinmi lẹ́nu iṣẹ́ fún un.

Yunifásítì tèmi kò ṣe ju títi ilẹ̀kùn lọ. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní ilé ìkàwé yín. Ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ náà kó tó di ilé ẹ̀kọ́, àti ẹni tó mọ bíríkì ilé àkọ́kọ́. Prairie View A&M ní Texas, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún adúláwọ̀ ní ọdún 1876, orí ilẹ̀ oko ẹrú tẹ́lẹ̀ ló wà, gbangba sì ni ìtàn yẹn wà. Ní yunifásítì Brown, ọ̀gá àgbà ìgbà náà, Ruth Simmons, obìnrin adúláwọ̀, yan ìgbìmọ̀ ní ọdún 2003 láti tú ìdí owó tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò tíì fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà bá wà lọ́gbà yín, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ṣáájú oṣù kẹfà, kí ẹ sì jọ béèrè pé kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó wà nínú ìwé sókè lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kò sí orúkọ kankan, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìnáwó ọdún àkọ́kọ́ hàn yín.